Iná bíréèkì Mazda MX-5 mi ti kú: ohun tí mo bá nídìí rẹ̀ rèé

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn lórí iná pupa bíréèkì tí kì í kú nínú ọkọ̀ mi ti ọdún 1991, bí mo tilẹ̀ ti sọ háńbíréèkì kalẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì kò dín. Mo sì yọ wáyà tó wà lára ike ọ́ìlì náà, èyí tó ń tan iná bí ọ́ìlì bá dín, síbẹ̀ iná kò kú, àfìgbà tí mo yọ wáyà súìṣì abẹ́ háńbíréèkì. Irin pẹlẹbẹ tó di súìṣì mú ló ti wọ́, tí ọwọ́ háńbíréèkì kò fi kàn án mọ́ láti pa iná náà. Àlàfo náà kò ju ìnípọn èékánná lọ. Mo fi púláyà tọ́ ọ. Mẹkáníìkì kan ti ní kí n ra máásítà tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì!