Kí ló dé tí a kì í sábà gbọ́ Babátúndé mọ́?

Ọmọ Ọbòkun (Iléṣà):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ìyàwó mi bí ọmọkùnrin lọ́sẹ̀ yìí, kò sì tíì pẹ́ tí a sin bàbá mi. Bí màmá mi ṣe gbọ́ nídìí ẹ̀wà tí wọ́n ń tà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, wọn ò dúró palẹ̀ ọjà mọ́, ariwo ni wọ́n ń pa bọ̀ wálé: "Bàbá ti dé o!" Lójú tèmi, orúkọ ti fúnra rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi, tó jẹ́ tíṣà jẹ́léósinmi, ní kò sí Babátúndé kankan ní kíláàsì òun. Jésùtófúnmi, Olúwadárasími àti Ìníolúwa ló kún ibẹ̀. Pásítọ̀ wa náà ní òkú kì í padà wáyé. Kí ló lé orúkọ yìí lọ? Ṣé kí n jọ̀wọ́ rẹ̀ ni?

Ìyá Tíṣà (Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó. Má jọ̀wọ́ rẹ̀, ọmọ mi.

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Ìlóde láyé ọjọ́un, bí mo bá pe "Túndé" lásán, bí ọmọ mẹ́ta ló máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Àfi kí n fi orúkọ bàbá wọn kún un. Ọmọ Mùsùlùmí wà nínú wọn, ọmọ ìjọ wà nínú wọn.

Ohun tó lé e lọ ju ìwàásù lọ. Nígbà yẹn, a kì í yan orúkọ sílẹ̀ de ọmọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bàálé ló sì ń wò ó. Nísinsìnyí, oyún ò tíì gbó tí wọ́n ti lọ yà á wò, wọ́n ti mọ̀ pé akọ ni, orúkọ ti wà nínú fóònù, wọ́n ti kọ ọ́ sára aṣọ ìkókó. Ta ló máa yan Babátúndé sílẹ̀ nígbà tí bàbá àgbà ṣì ń jẹun?

Ìwàásù náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, n kò ní purọ́. Ifá àti Ògún ni wọ́n kọ́kọ́ gé kúrò lórí orúkọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tó ṣe gíwá yunifásítì wa níbí láti 1982 sí 1989, Ògúnwáńdé ni orúkọ wọn. Ọmọ wo là ń sọ bẹ́ẹ̀ lónìí? Ó wá kan Bàbá. Ó dùn mí.

Babátúndé Fáṣọlá tó ṣe gómìnà Èkó láti 2007 sí 2015, Mùsùlùmí ni. Babátúndé Ọlátúnjí gbé ìlù wa dé Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ tí wọn ò gbọ́ Yorùbá rárá sì ń jẹ́ Babátúndé. Àwa tí a ni ín la wá ń sá fún un?

Alhájì Mọ̀dákẹ́kẹ́:
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Nílé tiwa, a ó pe Abdul-Lateef sétí ọmọ, Babátúndé á tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn NPC tó ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ fún ìjọba, ẹ jẹ́ kí Babátúndé ṣíwájú nínú ìwé ọjọ́ ìbí. Èyí tó bá wà lẹ́yìn, wọn kì í pè é nílé ìwé.

Adùnní Ìsọ̀kun:
Ẹ gbọ́ ti ìyá ọmọ náà o. Ẹ̀gbọ́n mi ni Babátúndé ilé wa. Ìyá àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án, "ọkọ mi" ni wọ́n ń pè é, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, tirẹ̀ ni. Àwa yòókù á máa sunkún. Ẹ sọ ọ́ ní Babátúndé, ṣùgbọ́n ẹ tọ́ ọ bí ọmọ.

Ọmọ Ọbòkun (Iléṣà):
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka èsì Ìyá Tíṣà fún ìyàwó mi. Ó ní òun gbà, bí Ìníolúwa bá tẹ̀lé e. Màmá ti ra orógbó, oyin àti ataare. Ó ku kí n lọ bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀.