Káńsù Ìkòròdú: báwo ni iṣẹ́ ìlú ṣe pín láti ayé Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí di òní?

Olùkọ́ Ìmọ̀tà béèrè pé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kó ìtàn ìjọba ìbílẹ̀ wa jọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Àwọn òbí wa máa ń sọ pé káńsù ló ń gba owó-orí, òun ló ń rán wolé-wolé kiri ojúlé, òun náà ló sì ń tọ́jú ọjà àti ilé-ìgbẹ̀bí. Lónìí, bí gọ́tà bá dí, ẹnì kan á ní ká lọ sí káńsù Ìmọ̀tà, ẹlòmíràn á ní Ìkòròdú ni, ẹnì kẹta á ní iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Aláúsá ni. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ibí, ta sì ni òfin gbé iṣẹ́ wo lé lọ́wọ́?

Bàbá Ìgbógbó dáhùn pé:
Olùkọ́, ẹ ṣeun. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni a wà kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó dé. Nígbà tí òfin 1954 yọ ìlú Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ìkẹjà àti Àgbádárìgì dúró sí Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ń ṣòfin fún wa. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1952 ló mú káńsù tí ará ìlú ń dìbò yàn ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ wá, tí àwọn ọba àti ìjòyè sì ní ìjókòó tiwọn níbẹ̀. Àwa náà sì jẹ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti 1955. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni a tó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Àtúntò 1976 ló wá sọ káńsù di oríṣi kan náà káàkiri Nàìjíríà, tí owó ìjọba àpapọ̀ sì ń wọlé fún wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni okùn àárín káńsù àti ẹni tí ń san owó-orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ó sì dùn mí gan-an.

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì dáhùn pé:
Bàbá ti sọ ti àtijọ́ dáadáa. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ dá àgbègbè ìdàgbàsókè (LCDA, ìyẹn káńsù kéékèèké) 37 sílẹ̀ ní àfikún sí ìjọba ìbílẹ̀ 20. Lára ti Ìkòròdú ni Ìmọ̀tà, Ìjẹ̀dẹ́, Ìgbógbó-Bàyékù, Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn Ìkòròdú ti jáde. Ní oṣù Kejìlá 2004, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìpínlẹ̀ lágbára láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà ni Ìmọ̀tà ṣe ní alága àti káńsẹ́lọ̀, síbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999.

Ìwé òfin yìí kan náà fi ọjà, gáréèjì, odò-ẹran, ìtẹ́-òkú, gọ́tà, ọ̀nà àdúgbò àti nọ́ńbà ilé sọ́wọ́ káńsù, ó sì ní kí káńsù bá ìpínlẹ̀ dá sí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti 1977 ni àjọ ìpínlẹ̀, tí a ń pè ní LAWMA báyìí, ti ń kó ìdọ̀tí. Owó tí onílé ń san ti wọnú Land Use Charge, owó ilẹ̀ àti ilé tí ìpínlẹ̀ ń gbà, láti 2001. Ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ sì ni a ti ń gba ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí. Gọ́tà inú àdúgbò yín, káńsù Ìmọ̀tà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ti ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòròdú sí Ṣàgámù yàtọ̀, nítorí títì ìjọba àpapọ̀ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ dáhùn pé:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ fi ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 kún un, tí ilé-ẹjọ́ kan náà fi sọ pé ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, torí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 nìkan ni owó náà fi ń jáde. Olùkọ́, ní ti ìwé àtijọ́, ẹ má wá a sí Èkó nìkan: àwọn fáìlì kọmíṣọ́nnà àgbègbè Kólónì, tí Ìkòròdú wà nínú rẹ̀ láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, “Comcol” ni kí ẹ béèrè fún.