Lẹ́tà au lórí ìwọ̀n méjì: báwo ni mólékù háídírójìn mi ṣe gùn ju ọ̀nà Ayé sí Òòrùn lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́Àtọ́ọ̀mù béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìwọ̀n gígùn. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ètò kọ̀ǹpútà kan ṣírò bí àárín núkílíọ́ọ̀sì méjèèjì inú mólékù háídírójìn ṣe jìn tó, ó sì fún mi ní 1.4 au. Níwọ̀n bí mo ti fẹ́ kọ èsì náà ní fẹmtomítà (fm, ìyẹn 10⁻¹⁵ mítà) kí n lè fi í wé ìbú prótọ́ọ̀nù, tí í ṣe núkílíọ́ọ̀sì háídírójìn, mo gbé 1.4 yìí lọ sí ojú ewé kan tó ń yí ìwọ̀n kan padà sí òmíràn, mo yan au, mo yan fm, ohun tó sì jáde ni 2.094 × 10²⁶ fm.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò yí padà. Nígbà tí mo sọ ọ́ di mítà, mo rí i pé 2.094 × 10¹¹ mítà ni, ìyẹn kìlómítà tó lé ní mílíọ̀nù 209, bẹ́ẹ̀ ni Òòrùn fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí wa ju nǹkan bíi kìlómítà mílíọ̀nù 150 lọ. Mo wá ní kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Mo fi 10⁻¹⁵ sọ iye mítà náà di púpọ̀, mo sì rí 2.094 × 10⁻⁴ fm, èyí tó túmọ̀ sí pé odindi mólékù náà kò tó prótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ti tóbi jù, ìkejì ti kéré jù. Níbo ni mo ti ṣìnà? Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé mi, kì í ṣe kí ẹ kàn fún mi ní iye tó tọ́ nìkan.

Olùwòràwọ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú làálàá. Ojú ewé náà kò ṣìṣe rárá. Ohun méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Au ni àwa tí à ń wo sánmà ń kọ fún ìwọ̀n tí a gbé ka bí Ayé ṣe jìnnà sí Òòrùn tó. Àwọn tó ń ṣírò nípa àtọ́ọ̀mù náà sì ń kọ au, tàbí a.u., fún àwọn ìwọ̀n tó bá àtọ́ọ̀mù mu. Èyí tó jẹ́ ti gígùn nínú wọn ni wọ́n ń pè ní bohr, tí wọ́n fi orúkọ Niels Bohr ọmọ Denmark sọ. Ètò kọ̀ǹpútà yín sọ̀rọ̀ nípa bohr, ojú ewé náà sì gbọ́ ọ ní ti Òòrùn.

Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sánmà lágbàáyé, IAU, pinnu nínú ìpàdé wọn ní Beijing pé au ti sánmà jẹ́ 149,597,870,700 mítà géérégé. Bohr kan ní tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 5.2918 × 10⁻¹¹ mítà, èyí tó jẹ́ ọ̀nà jíjìn tó ṣeé ṣe jù lọ kí a ti bá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láti àárín àtọ́ọ̀mù háídírójìn nígbà tí agbára rẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá pín ti àkọ́kọ́ sí ìkejì, ẹ ó rí 2.83 × 10²¹, ìyẹn gan-an sì ni iye ìlọ́po tí mólékù yín fi wú. Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo mọ̀ pé ìwọ̀n méjì jọ ń lò, n kò mọ èyí tí àárín àwọn méjèèjì jìn tó báyìí.

Ìṣirò tó tọ́ nìyí: 1.4 × 5.2918 × 10⁻¹¹ jẹ́ 7.41 × 10⁻¹¹ mítà, èyí tí í ṣe pikomítà 74.1, tàbí nǹkan bíi fẹmtomítà 74,100. Ó bá ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀n nípa mólékù háídírójìn mu.

Ọ̀pá-Ìwọ̀n dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí Olùwòràwọ̀ sọ, ṣùgbọ́n àṣìṣe kejì kò gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé a tú u palẹ̀, nítorí kò kan ọ̀rọ̀ au rárá. Fẹmtomítà kan jẹ́ 10⁻¹⁵ mítà. Èyí fi hàn pé fẹmtomítà 10¹⁵ ló wà nínú mítà kan, nítorí náà ẹni tó ń ti mítà lọ sí fẹmtomítà ní láti fi 10¹⁵ sọ iye rẹ̀ di púpọ̀, kì í ṣe 10⁻¹⁵. Bí ọ̀pá tí a fi ń wọn nǹkan bá ṣe kúrú tó ni iye ìgbà tí a ó fi í lélẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ máa bi ara yín léèrè ṣáájú ìṣirò pé ṣé iye tí mò ń retí yóò pọ̀ sí i ni àbí yóò dín kù. Ìbéèrè yẹn nìkan ì bá ti dá yín dúró.

Ẹ máa gba orí mítà kọjá nígbà gbogbo, bó ti wù kí àárín ìwọ̀n méjèèjì jìn tó. Láti ọdún 1983 ni a ti gbé mítà ka eré ìmọ́lẹ̀, tó jẹ́ 299,792,458 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan géérégé, ìdí nìyẹn tí ọdún-ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan, náà fi ní iye tí kò ní àbùlà, 9,460,730,472,580,800 mítà, bí a bá ka ọdún sí ọjọ́ 365.25. Ti parsec, ìwọ̀n ọ̀nà jíjìn mìíràn tí àwọn onímọ̀ sánmà ń lò, kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni au 648,000 ti sánmà tí a pín sí π, nítorí náà òǹkà rẹ̀ kò lópin, a kàn máa ń gé e síbi tó bá tó fún iṣẹ́ wa, bíi 3.0857 × 10¹⁶ mítà.

Ìkìlọ̀ mi kan tó kù dá lórí lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Pikomítà (10⁻¹² mítà) ni pm, petamítà (10¹⁵ mítà) ni Pm, ìlọ́po 10²⁷ ló sì wà láàárín wọn. Bí ẹ bá kọ 74 pm tí ẹ fi ṣèèṣì sọ p di ńlá, mólékù yín yóò gùn tó ọdún-ìmọ́lẹ̀ 7.8, èyí tó kọjá Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ Òòrùn jù lọ, tí kò ju ọdún-ìmọ́lẹ̀ 4.24 lọ. Ẹ má fi kókó yìí ṣeré rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́Àtọ́ọ̀mù tún kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó ti yé mi báyìí. Mo wá gbìyànjú nǹkan mìíràn: bí prótọ́ọ̀nù bá tóbi tó Ayé, níbo ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ yóò wà? Mo fi 0.84 fm ṣe ìbú prótọ́ọ̀nù, mo fi kìlómítà 12,742 ṣe ìbú Ayé, bohr kan sì di au 5.4 ti sánmà. Ṣé lóòótọ́ ni ó jìnnà ju Júpítà lọ?

Olùwòràwọ̀ dáhùn pé:

Ìdajì ni. 0.84 fm jẹ́ láti àárín prótọ́ọ̀nù dé etí rẹ̀, nítorí náà ìbú rẹ̀ jẹ́ 1.68 fm, ìlọ́po tí ẹ nílò sì jẹ́ 7.58 × 10²¹. Bohr kan yóò wá di au 2.68. Ìyẹn kọjá Máàsì tó wà ní au 1.52, ó wà láàárín ọ̀wọ́ àwọn àpáta tó ń yí Òòrùn ká, kò sì dé ọ̀dọ̀ Júpítà tó wà ní au 5.2. Mólékù tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ yóò jẹ́ au 3.76. Mítà kan ṣoṣo yóò di nǹkan bíi ọdún-ìmọ́lẹ̀ 800,000.

Ẹ má sì ṣe kọ 2.68 yẹn ní òǹkà mẹ́wàá. Prótọ́ọ̀nù kò ní etí líle bíi bọ́ọ̀lù. Bí agbára iná mànàmáná rẹ̀ ṣe tàn ká ni 0.84 yìí ń sọ. Iye tí a gbà tẹ́lẹ̀ sún mọ́ 0.88, àfìgbà tí àwọn kan wọ̀n ọ́n ní ọdún 2010 pẹ̀lú háídírójìn tí wọ́n fi muon, tó jọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣùgbọ́n tó wúwo jù ú lọ, rọ́pò ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, tí wọ́n sì bá 0.84.

Oníkóòdù dáhùn pé:

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìṣirò yìí sínú kọ̀ǹpútà, ẹ lè sọ ọ́ di púpọ̀ tàbí kí ẹ pín in láìsí ewu, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ro fẹmtomítà pọ̀ mọ́ au. Òǹkà oní-bíìtì 64 tí kọ̀ǹpútà sábà ń lò kì í pa ju òǹkà 15 sí 17 mọ́. Bí a bá kọ au kan ní mítà, àlàfo tó wà láàárín òǹkà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.03, nítorí náà fẹmtomítà kan tí ẹ bá fi kún un yóò pòórá, kọ̀ǹpútà kò sì ní kìlọ̀ fún yín.

Akẹ́kọ̀ọ́Àtọ́ọ̀mù tún kọ̀wé pé:

Mo ti pa au rẹ́ nínú gbogbo fáìlì mi, mo sì ti kọ bohr rọ́pò rẹ̀. 74,085 fm ni mo bá báyìí, èyí tó tó nǹkan bíi ìlọ́po 44,000 ìbú prótọ́ọ̀nù kan.