Ìdáhùn sí "Ìbọ Àwọn Àdìmú Mẹ́sàn-án Nínú Ilé": à- yẹn kò tọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀gbọ́n wa kan fi àròkọ ránṣẹ́ síbí nípa bí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà ṣe ń bá Shani lò nínú ilé wọn, Shani tí òyìnbó ń pè ní Saturn, ọ̀kan nínú àwọn alágbára ojú ọ̀run mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní navagraha. Mo gbádùn àròkọ náà, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹ̀gbọ́n sọ wọ́n, "Àdìmú Mẹ́sàn-án", kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ẹ̀gbọ́n ní inú ọ̀rọ̀-ìṣe Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, tó túmọ̀ sí kí a gbá nǹkan mú ni graha inú navagraha ti wá. Òótọ́ ni. Ó sì sàn ju "òrìṣà ìràwọ̀" tí ẹnìkan kọ́kọ́ dá lábàá, nítorí oòrùn àti òṣùpá wà nínú mẹ́sàn-án náà, ta ló sì ń pe òṣùpá ní ìràwọ̀? Rahu àti Ketu, méjì míì nínú wọn, kò tilẹ̀ ṣeé fojú rí. Oríta tí ọ̀nà òṣùpá ti ń dábùú ọ̀nà oòrùn ni àwọn méjèèjì, níbi tí òkùnkùn ti ń bo oòrùn tàbí òṣùpá mọ́lẹ̀.

Kí ló wá gbé ohùn ìsàlẹ̀ dé orí a- yẹn?

A- olóhùn àárín ló ń bí olùṣe: apẹja, akọ̀wé, adájọ́. À- olóhùn ìsàlẹ̀, ohun tí a ṣe ló ń bí: àkọsílẹ̀, àdàkọ, àṣàyàn. Bí ẹ bá ní "àdìmú", ohun tí èèyàn dì mú lẹ ń sọ, ẹ kò sọ ẹni tó ń dì wá mú. Ẹ ti sọ aláṣẹ di ẹrú. Ọ̀rọ̀ náà sì ti ní olówó tẹ́lẹ̀. Títí dòní, oúnjẹ tí àwọn ará wa ní Kúbà bá gbé kalẹ̀ síwájú òrìṣà ni wọ́n ń pè ní addimú. Báwo la ṣe fẹ́ mú orúkọ oúnjẹ fún ẹni tí a gbé oúnjẹ fún?

Ẹ má sì sọ pé ká kàn yọ àmì yẹn kúrò kó di "adìmú". Ta ló ń dì mú? Àbọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Adinimú ni mo fara mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ọ́ ní "adìnimú". Gbà ni ọ̀rọ̀-ìṣe inú agbanisíṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lọ bó ṣe pàdé àbọ̀? Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní èyí. Ìyá bàbá mi kò sì mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, síbẹ̀ bí o bá ṣi ohùn pè létí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí ẹ̀gúsí tó ń bó, á wò ọ́, á ní, "Kí lo pè é?" Kò ní bó òmíràn títí wàá fi pè é bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń dùn mí ni "ìbọ" yẹn. Ọdún méjì ni mo fi gbé lọ́dọ̀ ìdílé Támílì kan ní Chennai, ní Íńdíà, nígbà tí mo ń kàwé. Ère òrìṣà wọn Ganesha wà ní yàrá àdúrà wọn, ti òrìṣà Lakshmi wà níbẹ̀, ti Shani kò sí. Mo bèèrè. Ìyá ilé ní ojú rẹ̀ ni àwọn ń sá fún. Ìtàn kan ní ojú yẹn ló wo Ganesha ní ọmọ ọwọ́ tí orí rẹ̀ fi já, tí wọ́n fi wá orí erin rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá yìí á yan yànmọ̀tí dúdú, á gún un, á pò ó mọ́ ìrẹsì, á sì bu díẹ̀ sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Á máa pe kannakánná, "Kaa! Kaa!", nítorí ẹyẹ yẹn ni Shani ń gùn. Bí ẹyẹ kò bá tíì ṣá a jẹ, a ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ, ebi ì báà pa wá tó bẹ́ẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó lọ sí tẹ́ńpìlì, níbi tí àwọn mẹ́sàn-án dúró sí lórí pẹpẹ kan, tí ìkankan wọn kò kọjú sí èkejì. Yànmọ̀tí tí ó di sínú àkísà dúdú, kò ju ọmọ ìka lọ, ni á rì sínú òróró yànmọ̀tí nínú fìtílà alámọ̀, á tanná sí i. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń dúró sí, kò jẹ́ dúró lọ́gangan iwájú Shani.

Ṣé ìbọ nìyẹn? Graha shanti ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, shanti sì ni ìrọ̀lẹ̀, ìtura. Wọ́n ń tù ú ni. Tù yìí ló wà nínú ètùtù, òun náà ló wà nínú tù lójú. Òrìṣà tí a ń bọ nílé, a fẹ́ kó bá wa gbé ni. Èyí, a fẹ́ kó kọjá lọ láìwo ẹ̀yìn. Ìtùlójú Adinimú ló yẹ kí àkọlé àròkọ yẹn jẹ́.

Ẹni tó pe Shani ní "òrìṣà ìyà" náà ṣì í. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Shanaishchara, ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ó ń lò tó ọdún 29 àti ààbọ̀ kó tó yí òfurufú ká, ilé 12 tí wọ́n pín òfurufú sí ló sì ń gbà kọjá, nǹkan bí ọdún 2 àti ààbọ̀ nínú ìkọ̀ọ̀kan. Ilé tó ṣáájú èyí tí òṣùpá wà nígbà tí wọ́n bí ẹni, ilé òṣùpá yẹn gan-an, àti èyí tó tẹ̀ lé e, àpapọ̀ rẹ̀ ni ọdún 7 àti ààbọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù. Iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú ni wọ́n ní ó ń san fún un. Arìnjẹ́jẹ́ ló bá a mu.

Ẹ̀gbọ́n tún kọ ọ́ pé níwọ̀n bí Shani ti ni ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí àwọn àgbà wa náà kì í sì í dáwọ́ lé nǹkan tuntun lọ́jọ́ yẹn, àwọn baba wa ti mọ Shani. Mi ò gbà. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni tiwa, ọlọ́jọ́ méje bá wa nílẹ̀ ni. Èyí tí àwọn baba wa mọ̀ ni Àgùàlà, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà yẹn gan-an, Venus àwọn òyìnbó, sì ni Shukra inú mẹ́sàn-án, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá orúkọ tuntun fún un.

Ó ku Rahu. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan nínú wa ní "Agbóòrùnmì" ni ká pè é, torí wọ́n ní orí asura kan, ọ̀tá àwọn òrìṣà wọn, tí òrìṣà Vishnu bẹ́ ni Rahu, òun ló sì ń gbé oòrùn mì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbé òṣùpá náà mì. Ẹ bá mi wò ó.