Ìtọ́kọ̀ aládàáṣe kì í ṣe ìwakọ̀ aládàáṣe

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ dábàá pé kí a pe ètò tí ó ń yí sítíárìn ọkọ̀ tí ń kó òjò dídì kúrò ní òpópónà ní «ìwakọ̀ aládàáṣe». Ẹ jọ̀wọ́, n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí pé awakọ̀ ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀: òun ni ó ń pinnu eré tí ọkọ̀ yóò sá, òun náà ni ó sì ń gbé abẹ irin iwájú ọkọ̀ sókè, tí ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Títọ́ ọkọ̀ sójú ọ̀nà nìkan ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ «ìtọ́kọ̀ aládàáṣe». Pátákó ìdí ọkọ̀ ojú omi tí a fi ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún ni wọ́n ń pè ní ìtọ́kọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti ka Ìwé Jákọ́bù nínú Bíbélì Yorùbá yóò ti bá a pàdé.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní California. Ní òpin àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ètò PATH ti Yunifásítì California ní Berkeley àti Caltrans, iléeṣẹ́ ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà, ri òòfà mọ́ inú ọ̀nà I-80 ní Donner Summit, mítà 1.2 ni wọ́n sì fi jìnnà síra wọn. Ẹ̀rọ abẹ́ ọkọ̀ ń mọ agbára òòfà wọ̀nyí lára, ìbáà jẹ́ pé òjò dídì ti bo ìlà ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà kàn ń fi ibi tí ọkọ̀ wà han awakọ̀ ni. Ọwọ́ awakọ̀ ni ó ń yí sítíárìn. Ìyẹn kò tíì di ìtọ́kọ̀, ìfinimọ̀nà lásán ni. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa yí sítíárìn ọkọ̀ tí ń fa òjò dídì sínú, tí ó sì ń fọ́n ọn sẹ́bàá ọ̀nà, nígbà náà ni orúkọ yìí tó tọ́ sí i.

Ẹlòmíràn dábàá «ìtọ́kọ̀ olóòfà». Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. «Fà» tí ó wà nínú òòfà yóò mú kí òǹkàwé rò pé òòfà ni ó ń fa ọkọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àmì lásán ni ó jẹ́ níbẹ̀. Èkejì ni pé ní Hokkaido, ní Jàpáánù, sátẹ́láìtì Michibiki ni wọ́n fi ń mọ ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, kò sí òòfà kankan nínú ọ̀nà.

Ní ti «yìnyín» tí àwọn kan ń lò, mo rọ̀ yín kí a fi í sílẹ̀ fún omi dídì tí ó le gbagidi, tí wọ́n ń da iyọ̀ sí kí ó lè yọ́. Òjò dídì ni abẹ irin ń tì. Orúkọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú: «katakata akójò-dídì» yóò yé ẹnikẹ́ni tí ó ti rí katakata rí.