Táyà, afẹ́fẹ́ àti ríìmù fún ìdíje mítà 402: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ará Agric: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ díje lórí ọ̀nà títọ́ tí a ti dí mọ́ ọkọ̀ mìíràn sọ iye afẹ́fẹ́ tó fi sínú táyà rẹ̀ àti irú ríìmù tó lò. Camry Muscle ẹlẹ́ńjìnnì V6 ni tèmi, ríìmù íńṣì 19 ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti tẹ tọ́tù, táyà iwájú á máa yí lásán, ọkọ̀ kò sì ní tètè kúrò lójú kan.

Awakọ̀ Ìgbógbó: Ríìmù 19 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Irú Camry yìí gan-an ni mò ń wà. Nígbà tí mo lo ríìmù 19 pẹ̀lú táyà 235/35 (fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 235, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 35 nínú 100 fífẹ̀ náà), ẹ̀gbẹ́ táyà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 82 lọ. Nígbà tí mo dá a padà sí ríìmù 16 àti táyà 215/60 tó bá àwọn Camry tí wọ́n ń pè ní LE jáde láti ilé iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di mìlímítà 129. Ẹ̀gbẹ́ tó ga bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀ nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì bá dé bá a, kì í jẹ́ kí ojú táyà já kúrò lára títì lójijì. Ríìmù ńlá sì sábà máa ń wúwo, ìwúwo náà jìnnà sí àárín, nítorí náà ẹ́ńjìnnì á ti ná lára agbára rẹ̀ sórí yíyí ríìmù kí ó tó kan gbígbé ọkọ̀. Psi 27 (psi ni ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) ni mo fi sí iwájú, 38 sì ni mo fi sí ẹ̀yìn kí wọ́n lè máa yí fẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ náà ti hàn. Ibi tó kù di ti ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ Èbúté: Mo gbà, ṣùgbọ́n ríìmù 16 kò dùn-ún wò lábẹ́ Camry.

Awakọ̀ Ìgbógbó: Àbúrò, aago kì í wo ẹwà.

Fọ́kánáísà Sábó: Ẹ má bínú pé mo dá sí i, iṣẹ́ mi ni. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi pé kí n dín afẹ́fẹ́ táyà iwájú kù sí 18, nítorí wọ́n gbọ́ pé iye tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò nìyẹn. Táyà ìdíje tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ ni àwọn yẹn ń lò, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń lọ sọ́jà. Táyà lásán, bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá kéré jù, àárín rẹ̀ á gbé sókè, etí méjèèjì nìkan ni yóò máa tẹ títì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì máa gbóná. Ẹnì kan fi agídí gbà á ní 18 lọ́wọ́ mi, ó lọ síbi eré rẹ̀, nígbà tó sì parí, kò yà kí n bá a géèjì rẹ̀ padà kí ó tó gba ọ̀nà Ìtòíkín lọ sílé. Kòtò kan ló pàdé. Ríìmù álọ́ì náà wọ́, táyà sì yọ kúrò lára rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Oníríìmù: Ẹ ò sọ fún un kí ó tó lọ ni?

Fọ́kánáísà Sábó: Mo sọ fún un. Ó ní òun ti pẹ́.

Ará Pókà: Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni géèjì tí ẹ fi wọn 27 yẹn. Mo gbé ọkọ̀ kan náà dé ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà méjì láàárọ̀ kan náà. Ọ̀kan ní 30, èkejì ní 34. Láti ìgbà náà ni mo ti ra tèmi. Bí kò tilẹ̀ pé, bí ó bá ṣáà jẹ́ òun kan náà ni ẹ ń lò nígbà gbogbo, ẹ óò mọ̀ bóyá ẹ lọ sókè tàbí ẹ wálẹ̀.

Fọ́kánáísà Sábó: Géèjì tèmi pé o.

Ará Pókà: N kò dárúkọ yín, bàbá.

Ọmọ Èbúté: Àwọn kan wà tó jẹ́ pé igi ni wọ́n fi ń lu táyà, wọ́n á sì ní ó ti tó.

Olùkọ́ Físíìsì: Ẹ tún fi ti ooru kún un. Bí táyà bá fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 5 sí 6 gbóná sí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi bíi psi kan lọ sókè. Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ jẹ́ ti táyà tó tutù, èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Ọkọ̀ tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí oòrùn ń pa ẹsẹ̀ kan tí èkejì wà ní ibòji, ẹ lè géèjì méjèèjì sí 27 láàárọ̀, kí ẹ bá ọ̀kan ní 29 nígbà tó bá kàn yín.

Ará Pókà: Èyí jẹ́ òótọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Àmọ́ 38 ẹ̀yìn tí Awakọ̀ sọ ni n kò fara mọ́. Lọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́, iyanrìn kì í fi títì sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bírékì ní ìparí eré, ìwúwo ọkọ̀ á lọ síwájú, táyà ẹ̀yìn tó ti le á sì yọ̀.

Awakọ̀ Ìgbógbó: A máa ń gbá ojú ọ̀nà kí a tó bẹ̀rẹ̀, títí dé ibi tí a ti ń dúró. 44 ni wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà mi pé kí n má kọjá.

Ará Pókà: Ẹ ń gbá ibi ìbẹ̀rẹ̀, mo rí yín. Ibi ìparí ńkọ́?

Ará Àgbádárìgì: Gbogbo yín ń sọ ti ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà. BMW E46 ni tèmi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí, nítorí náà bí ọkọ̀ bá gbéra tí ìwúwo lọ sẹ́yìn, orí táyà tó ń ṣiṣẹ́ ló lọ. Ẹ̀yìn ni mò ń dín kù, kì í ṣe iwájú. Ọ̀nà tí mo fi mọ ibi tí mo máa dúró ni pé mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà nínípọn kọjá lórí ojú táyà, mo wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, mo sì wò ó: bí ó bá pa rẹ́ ní àárín nìkan, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, bí ó bá jẹ́ etí nìkan, ó ti kéré jù. Mo tún rí àwọn kan lókè òkun tó ń fi ẹ́sítírà tẹ́ẹ́rẹ́, táyà àfirọ́pò inú búùtù, sí iwájú kí ó lè fúyẹ́.

Fọ́kánáísà Sábó: Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ o! Psi 60 ni wọ́n ń fi sí irú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé kí eré má kọjá kìlómítà 80 ní wákàtí kan.

Awakọ̀ Ìgbógbó: Kí ẹ tó dé ìparí mítà 402, ẹ ti kọjá 80 tipẹ́, iwájú náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ bírékì jù.

Ará Àgbádárìgì: Mo ní mo rí i, n kò ní mo ṣe é.

Ìyá Ìbejì Oníríìmù: Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ ríìmù, ẹ má kàn ka ihò nọ́ọ̀tì 5 kí ẹ sì sanwó. Ihò àárín Camry jẹ́ mìlímítà 60.1, ọ̀pọ̀ ríìmù tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ni tirẹ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí kò bá sì sí òrùka tó dí àlàfo náà, sítíárìn lè máa gbọ̀n bí ẹ bá ń sáré. Oníbàárà mi kan ti pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ó ti ṣe aláímẹ́ńtì, kí ó tó wá jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti ju òrùka tí mo fún òun nù torí pé rọ́bà lásán ni. Lórí táyà tòkunbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Ará Agric: Ẹ ṣé gan-an. Àǹtí, mo ń bọ̀ wá wo ríìmù 16. Ṣé ó yẹ kí n fi náítírójìn sí i?

Olùkọ́ Físíìsì: Nǹkan bí 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí ti jẹ́ náítírójìn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó gbẹ. Owó rẹ̀ ni kí ẹ rò.

Fọ́kánáísà Sábó: Èmi kì í tà á. Afẹ́fẹ́ lásán ni tèmi, géèjì rẹ̀ sì pé.