Ẹ jẹ́ ká fi Bùlútúùtù sílẹ̀, ká wá orúkọ fún iṣẹ́ tó ń ṣe

Ẹ kú ìjíròrò o, gbogbo ilé. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ti Ìbàdàn bi wá ni pé, tí èèyàn bá ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí rédíò tó bá a wá ò mọ̀ ju kásẹ́ẹ̀tì àti CD lọ, tó wá fẹ́ kí fóònù òun máa kọrin níbẹ̀ kí ìpè náà sì máa wọlé síbẹ̀, báwo la ṣe máa sọ gbogbo ẹ̀ ní Yorùbá? Bluetooth ńkọ́, pairing ńkọ́, adaptor ńkọ́? Látìgbà yẹn, ẹnìkan ti mú "eyín-aró" wá fún Bluetooth, torí eyín aláwọ̀ aró ni "blue tooth" lédè Òyìnbó, ẹlòmíì mú "alárinà" wá fún adaptor, màmá wa tó ń kọ́ Yorùbá ní iléèwé ní ká pe rédíò náà ní "asọ̀rọ̀mágbèsì alásopọ̀", bọ̀dá kan sì ní ká má da ara wa láàmú, ká kàn máa pe gbogbo ẹ̀ bí Òyìnbó ṣe ń pè é. Mo ní nǹkan láti sọ sí i, torí Àkúrẹ́ níbí ni mò ń gbé, àwọn rewáyà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an ni aládùúgbò mi ní Òkè-Àró, bí wọ́n ṣe ń pè é lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́.

Eyín-aró ni kí n kọ́kọ́ mú. Ó dùn létí, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n kò yẹ ká lò ó rárá, torí pé orúkọ ìnagijẹ ọba ni Bluetooth. Harald lọba náà ń jẹ́, ó jọba ní Dẹ́ńmáàkì ní ohun tó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn, òun ni wọ́n ní ó kó àwọn ará Dẹ́ńmáàkì pọ̀ sábẹ́ àṣẹ kan, tí ọwọ́ ẹ̀ tún nà dé Nọ́wè. Ní 1997, nígbà táwọn iléeṣẹ́ ń wá bí fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, Jim Kardach tó ń ṣiṣẹ́ ní Intel ló ní kí wọ́n fi orúkọ ọba yẹn pe iṣẹ́ náà ná, torí bí ọba ṣe kó èèyàn pọ̀ làwọn náà fẹ́ kó ẹ̀rọ pọ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ lò ó o, ṣùgbọ́n nígbà tí Ericsson, Intel, IBM, Nokia àti Toshiba fi máa dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1998, orúkọ yẹn ló dúró. Kódà àmì tó wà lórí fóònù yín yẹn, lẹ́tà méjì nínú ìkọ̀wé àtijọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra, H ti Harald àti B ti ìnagijẹ ẹ̀.

Ẹ wá wo ti wa níbí. Déjì Adésidà Kìíní, tó wà lórí oyè ní Àkúrẹ́ láti 1897 títí di 1957, Afúnbíowó ni orúkọ ẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló wà nínú orúkọ yẹn bó ṣe wà nínú ti Harald. Òyìnbó tó bá fẹ́ kọ ìtàn Àkúrẹ́, Afunbiowo ló máa kọ, kò ní jókòó máa wá bí owó ṣe funfun tó ní èdè tiẹ̀. Ọ̀wọ̀ tá a fẹ́ kí wọ́n fi fún orúkọ ọba wa, ẹ jẹ́ kí àwa náà fi fún ti wọn jàre. Bùlútúùtù ni kó máa jẹ́, ká kọ ọ́ bí ẹnu wa ṣe ń pè é.

Àmọ́ ibẹ̀ lèmi àti bọ̀dá tó ní ká fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lédè Òyìnbó ti máa pínyà. Orúkọ lè dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn á fi gbọ́ ara wọn yé, torí àìsí ọ̀rọ̀ yẹn ń ná wọn lówó. Mo rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù kan níbí. Ìyá kan gbé Corolla ẹ̀ dé, ó ní "kò kọ̀nẹ́ẹ̀tì mọ́". Ọmọ iṣẹ́ tó bá níbẹ̀ gbọ́ kọ̀nẹ́ẹ̀tì, ọkàn ẹ̀ lọ síbi wáyà, ló bá fi ọwọ́ fa páálí iwájú rédíò yọ, ó tú síkúrù, ó ti fa rédíò jáde dé ìdajì, ó ń fi tẹ́sítà wo iná lẹ́yìn ẹ̀, kí ọ̀gá ẹ̀ tó dé. Ọ̀gá kàn ní "Màmá, ẹ jẹ́ n wo fóònù yín", ó wò ó, fóònù tuntun ni, ọmọ wọn ló rà á fún wọn, wọn ò tíì fi fóònù yẹn han rédíò náà rí. Wáyà kankan ò já. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "kọ̀nẹ́ẹ̀tì", ni wọ́n fi ń pe nǹkan tó tó mẹ́ta: pé fóònù àti rédíò ò tíì mọ ara wọn rí, tàbí pé wọ́n mọra ṣùgbọ́n wọn ò so lónìí, tàbí pé wọ́n so ṣùgbọ́n rédíò ò tíì bọ́ sórí AUX tí ohùn máa gbà jáde. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún un ò ní tú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lásán.

Èyí tí Òyìnbó ń pè ní pairing, mo ní ká pè é ní mọ̀mínmọ̀ọ́. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ máa ṣí Bùlútúùtù lójú fóònù, orúkọ rédíò á jáde, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà mẹ́fà kan á hàn lójú fóònù á sì hàn lójú rédíò pẹ̀lú, wọ́n á bi yín bóyá bákan náà ni, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni (àwọn ti àtijọ́ tí ò lójú tó ń fi nọ́ńbà hàn, 0000 tàbí 1234 ni wọ́n máa ń béèrè). Ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan, tí kálukú sì fi pa mọ́. Ìdílé méjì ló jókòó tí wọ́n ṣe mọ̀mínmọ̀ọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń ṣe é, wọn kì í tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí ìyàwó bá ń lọ kí àna ẹ̀. Àfi tí ẹnìkan bá pa orúkọ ẹnìkejì rẹ́ nínú fóònù ni wọ́n máa tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn mọ̀mínmọ̀ọ́, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n á wá ara wọn, wọ́n á so. Tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tẹ́ ẹ rìn lọ bíi mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á já. "Ó ti so", "ó ti já", ọ̀rọ̀ ẹnu wa nìyẹn, a ò tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ní mọ̀mínmọ̀ọ́ gùn jù fún ojú fóònù, kó kọ "Mọra" sórí bọ́tìnnì ibẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní yé.

Ó wá kan alárinà. Ẹni tó mú un wá fẹ́ fi pe adaptor, ìyẹn nǹkan kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn rédíò kó lè gba Bùlútúùtù. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà gan-an, àmọ́ àgbà ló ní bí ojú bá ti mọjú tán, alárinà á yẹ̀ba, nǹkan yìí kì í sì í yẹ̀ba. Ẹ yọ ọ́ kúrò, orin dákẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ọ̀pọ̀ rédíò inú tòkunbọ̀ ọdún 2000 sí nǹkan bíi 2006 ní ihò kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣe fún àpótí CD tó ń gba àwo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, rédíò ò mọ èdè kankan ju ti àpótí yẹn lọ, nǹkan kékeré yìí á wá máa ṣe bí àpótí CD sí rédíò lápá kan, lápá kejì á máa bá fóònù sọ Bùlútúùtù. Ó ń gbọ́ tibí, ó ń sọ ọ́ ní èdè tọ̀hún, títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Ògbufọ̀ nìyẹn o! Ògbufọ̀ tó ń dúró ti oníwàásù ò lè lọ jókòó níwọ̀n ìgbà tí ìwàásù bá ṣì ń lọ. Nítorí náà ògbufọ̀ ẹ̀yìn rédíò ni mo fẹ́ ká máa pe adaptor.

Modulator tí wọ́n ń kì bọ ihò ìtanná sìgá, ògbufọ̀ náà ni, ṣùgbọ́n orí afẹ́fẹ́ ni tiẹ̀ ń gbà, ó ń di ilé iṣẹ́ FM kékeré nínú ọkọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbé e sí 88.9 ní Àkúrẹ́, Adaba lẹ máa gbọ́ tó máa bo orin yín mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì gbé e sí 88.4, rédíò ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ò lè dúró níbẹ̀, torí láti 88.1 ló ń fò sí 88.3, sí 88.5. Mọdulétọ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa gbà á lẹ́nu wọn, ẹ jẹ́ kó wà.

Ti màmá wa ló kù, mo sì fi ìdọ̀bálẹ̀ sọ ọ́ torí àwọn ló mọ̀wé jù nínú wa. Asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún rédíò láyé àtijọ́ ríran gan-an, nǹkan tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ẹ̀yin ẹ bú Positive FM 102.5 títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n rédíò tí ìpè ti ń wọlé sí yìí, ó ń gba èsì! Gbohùngbohùn, ìyẹn máìkì, wà níwájú dírẹ́fà, ẹ sọ̀rọ̀, ẹni tó pè yín á gbọ́. Tá a bá wá pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì alásopọ̀, ọ̀rọ̀ ń ta ko ara ẹ̀ nìyẹn. Mo ní ká yọ "má" kúrò láàárín, kó di asọ̀rọ̀gbèsì. Ohun tó jẹ́ kí n dúró lé e lórí ni pé kì í ṣe gbogbo Bùlútúùtù ló ń gba èsì. Inú Bùlútúùtù, ọ̀nà tí orin ń gbà yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ìpè ń gbà, A2DP ni wọ́n ń pe ti orin, ó ń lọ síbì kan ṣoṣo, HFP ni ti ìpè, òun ló ń lọ tó tún ń bọ̀. Àwọn ògbufọ̀ tí owó wọn ò pọ̀, òmíì wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti orin nìkan, ẹni tó rà á á máa rò pé ó bàjẹ́ nígbà tí ìpè bá wọlé tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú rédíò. Tí ọlọ́jà bá lè bi í pé "ṣé mágbèsì lẹ fẹ́ ni àbí agbèsì?", ìjà ti tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan láti ìlú Oǹdó ní gbogbo ọ̀rọ̀ tá à ń dá sílẹ̀ yìí, ti Ọ̀yọ́ ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ulé àti uṣẹ́ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ilé àti iṣẹ́, bí wọ́n bá sì gbọ́ ìsopọ̀, ùsopọ̀ ló máa jáde lẹ́nu wọn. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, ká kọ ìsopọ̀ sínú ìwé, kí ẹni tó fẹ́ sọ ùsopọ̀ sọ ọ́. Mọ̀mínmọ̀ọ́ àti ògbufọ̀ ò tiẹ̀ ní wàhálà yẹn rárá.

Ti iná náà, kí n má gbàgbé. Ẹ̀yìn rédíò tuntun tí wọ́n ń tà, wáyà yẹ́lò ló ń gba iná tààrà látara bátìrì, pupa ló ń dúró de kọ́kọ́rọ́, dúdú ni áàtì. Tẹ́ ẹ bá fi yẹ́lò sípò pupa, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pa ọkọ̀ ni rédíò á gbàgbé aago àti ibùdó tẹ́ ẹ ti fi pa mọ́. Mo dá a lábàá pé ká máa pè wọ́n ní iná dúró àti iná kọ́kọ́rọ́, torí àwọ̀ wáyà tó bá ọkọ̀ wá láti iléeṣẹ́ kì í ṣe bákan náà látọkọ̀ dé ọkọ̀, ọmọ iṣẹ́ tó bá ń fi àwọ̀ nìkan ṣiṣẹ́ máa jó fíùsì.

Nǹkan kan ò tíì jáde nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa, ohùn tó ń ti inú ògbufọ̀ fúnra ẹ̀ jáde. Ẹ̀ ń gbọ́ obìnrin tó máa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ pé òun ti ṣe tán, pé ó ti so, pé ó ti já. Tó bá máa sọ Yorùbá, mo fẹ́ kó ní "Mo ti ṣe tán fún mọ̀mínmọ̀ọ́", kó ní "A ti so", kó ní "Ó ti já". Ibi tó le ni tó bá fẹ́ sọ fún èèyàn pé kó tún un gbìyànjú, ṣé "tún gbìyànjú" ló máa sọ ni àbí "ẹ tún gbìyànjú"? Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi pé ẹ̀rọ lásán ni, kò nílò ọ̀wọ̀. Èmi ní "ẹ" ló gbọ́dọ̀ sọ, torí kò mọ ẹni tó wà nídìí sítíárì, ó lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó sì lè jẹ́ bàbá ẹni tó ṣe é. Kí ẹnìkan tí ohùn ẹ̀ já gaara nínú yín gba gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́, ká gbọ́ bó ṣe máa dún nínú ọkọ̀.